Egbò orí imú ológbò: ṣé ó lè ran ọmọ, àti ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ fi pa á

Ìyá kan ní Kétu ló kọ̀wé sí mi, Ìyá Ìbejì ni wọ́n fi parí ìwé wọn, ohun tí màá máa pè wọ́n náà nìyẹn. Mo gé ìbéèrè wọn kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. A ní ológbò kan tó ń bá wa ṣọ́ àká àgbàdo, abo ni, ó bímọ mẹ́rin lóṣù tó kọjá. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí egbò ti yọ sí i lórí imú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, á gbẹ, á tún ya, ojú ẹ̀ òsì ń ṣomi, kì í sì fẹ́ là á. Àwọn ọmọ ẹ̀ ń sín, ojú wọn ń lẹ̀ pọ̀. Aládùúgbò ní kí n fi Crésyl pò mọ́mi kí n fi nù ún, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, itọ́ wá ń dà lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n tún ta pọmáàdì kan fún mi lọ́jà, egbò yẹn gbẹ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ló bá tún yọ padà, ó wá gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Táíwò náà ti ní àmì róbótó méjì lápá. Ìyá ọkọ mi ní Ilẹ̀gbóná ni. Àbúrò mi tó wà ní ilẹ̀ Faransé fi fọ́tò ológbò kan ránṣẹ́, ó ní àrùn kan wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀ tó jọ ọ́, ó ní ó máa ń ran èèyàn. Ọkọ mi ní ká lọ jù ú sígbó. Kí ni ká ṣe?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú sígbó. Ológbò tó ń fọ́mọ lọ́mú, tẹ́ ẹ bá gbé e sọnù, àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kú, òun fúnra ẹ̀ tí ojú kan ò fẹ́ là ò ní lè wá oúnjẹ fúnra ẹ̀ nínú igbó, eku á sì padà sínú àká yín. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo rò pé ó ń ṣe é yìí, ẹ̀yin àtàwọn ìbejì ò lè kó o lára ẹ̀. Ti apá Táíwò, ọ̀tọ̀ nìyẹn, a máa débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lónìí, kẹ́ ẹ tó ka ìyókù pàápàá, ni pé kẹ́ ẹ gbé Crésyl yẹn àti pọmáàdì yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹ má jù ú nù, ẹ ṣáà má fi kan ológbò náà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti Crésyl torí òun ló lè pa á kíá. Mo mọ̀ pé kò sílé tí kò sí, òun la fi ń fọ ilé ìgbẹ́ àti ibi tí àgùntàn ń sùn sí, ó sì ń pa kòkòrò lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó ń rùn nínú ẹ̀ yẹn, finọ́ọ̀lù àtàwọn ẹbí ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ológbò ò ní agbára tí ẹ̀dọ̀ èèyàn tàbí ti ajá fi ń tú u ká kó lè bá ìtọ̀ jáde. Ó ń gba awọ wọlé sára, ológbò ò sì lè ní ohun tó ń rùn lára kó má fahọ́n lá a, ohun tẹ́ ẹ fi nu imú ẹ̀ ti di ohun tó mu nìyẹn, itọ́ tó ń dà yẹn sì lè jẹ́ pé ó ti bó o lẹ́nu. Tí òórùn ẹ̀ bá ṣì wà lára ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ ìfọ-abọ́ díẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ibẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ojú, ẹ fomi ṣàn án dáadáa, ẹ nù ún gbẹ, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó móoru. Tó bá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́, tàbí tó kàn sùn sílẹ̀ gbọlọjọ, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní tààràtà. Ohun kan náà yìí ló jẹ́ kí párásítámọ́ọ̀lù jẹ́ májèlé fún ológbò, tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó jẹ́ 500 miligíráàmù lè pa ológbò àgbà, mo ń sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé tí ara ẹ̀ bá gbóná lálẹ́ yìí ẹnìkan á ní kẹ́ ẹ fún un ní ìlàjì. Ẹ má fún un rárá. Oògùn yọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe fún ajá náà, èyí tó ní pàmẹ́tírìn nínú, ẹ má fi kàn án, gìrì ló máa ń mú wọn tí wọ́n fi ń kú.

Ó wá kan pọmáàdì, ibí yìí gan-an ló ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ọ́ nínú ìwé yín: ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó wá yọ padà, ó gbòòrò. Tí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ báyìí, kọ́tísóònù ni mo máa ń rò pé ó wà nínú ẹ̀ kí n tó rí túùbù ẹ̀ rárá. Ẹ yẹ ara túùbù yẹn wò, tẹ́ ẹ bá rí bétaméthasone, clobétasol, dexaméthasone tàbí hydrocortisone, òun náà nìyẹn. Àwọn pọmáàdì yìí kún ọjà wa láti Wàńdó títí dé Ìlárá, àwọn kan tiẹ̀ fi ń bóra, wọ́n sì tún máa ń lú u pọ̀ mọ́ antibiotíìkì àti oògùn làpálàpá, ni wọ́n á bá ní ó ń wo gbogbo ẹ̀. Pípọ́n àti wíwú tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú egbò, ara ẹranko yẹn ló ń bá kòkòrò jà. Kọ́tísóònù máa ń dá ìjà yẹn dúró, ojú egbò á wá mọ́, ẹ̀yin á ní ó ti ń san, kòkòrò á sì ráyè tàn kálẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀ láìsí ẹni tó ń dá a lọ́wọ́ kọ́. Tó bá wá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tí mo ń rò yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kọ́tísóònù wà lára àwọn ohun tó máa ń jí i lójú oorun.

Fáírọ́ọ̀sì wo? Ẹ wo ibi tí egbò yẹn wà. Kì í ṣe ẹ̀yìn, kì í ṣe ikùn, kì í ṣe ìrù. Orí imú, ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ojú kan tó ń ṣomi, àwọn ọmọ tó ń sín. Àwọn nǹkan yìí lápapọ̀ ló mú mi ronú nípa hẹ́píìsì ológbò, èyí tó wà lára ohun tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní coryza, ọ̀fìnkìn ológbò. Ológbò máa ń kó o ní kékeré, láti ara ìyá ẹ̀ tàbí láti ara ológbò mìíràn tó sín sí i lára, á sín, á ṣepin, á sì san. Àmọ́ fáírọ́ọ̀sì yẹn ò lọ. Ó máa lọ sá pamọ́ sínú iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú àti imú lọ sọ́pọlọ, á jókòó síbẹ̀ títí ayé ológbò náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti kó o rí ló ṣì ní in lára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Lọ́jọ́ tí ara ológbò bá rẹ̀ ẹ́, ó máa jí, ó sì máa tọ ipa iṣan yẹn kan náà padà wá síta, ìdí nìyẹn tí egbò fi ń yọ lórí imú àti yíká ojú, tí kì í ṣe lórí ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn ó máa ń dé ẹsẹ̀ iwájú náà torí ó fi ń nujú.

Kí ló ń rẹ̀ ẹ́? Ọmọ bíbí àti ọmú tó ń fún wọn wà lára ohun tá a mọ̀ dáadáa tó máa ń jí i. Kíkó kúrò nílé kan lọ sílé mìíràn náà, kí wọ́n mú ológbò àjèjì wálé, kí àlejò kún ilé kí ariwo ìlù má sì jẹ́ kó ríbi sùn, irú bí ilé yín ṣe máa ń rí lásìkò Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Láti ọjọ́ tí ìnira yẹn bá dé, ó máa ń tó bí ọjọ́ 4 sí 11 kí fáírọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú itọ́ àti omi imú, á sì máa jáde fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ ka oṣù yín padà: ó bímọ, lẹ́yìn ìyẹn lójú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, lẹ́yìn ìyẹn làwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ìyá ló kó o ràn wọ́n nígbà tó ń lá wọn, kò mọ̀, òun náà ń tọ́jú ọmọ ni.

Hẹ́píìsì yìí, ológbò àtàwọn ìbátan ẹ̀ nìkan ló ń bá jà. Èyí tó ń yọ sí èèyàn létè, tiwa lọ́tọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀kan náà, a ò lè kó o ràn wọ́n, wọn ò sì lè kó tiwọn ràn wá. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé èémí ológbò yẹn ló máa pa àwọn ìbejì, ẹ ní dókítà ní rárá.

Kálísífáírọ́ọ̀sì wà náà, òun àti hẹ́píìsì ni wọ́n jọ máa ń wà nídìí ọ̀fìnkìn yìí, nígbà míì àwọn méjèèjì á wà lára ológbò kan ṣoṣo. Èyí fẹ́ràn ahọ́n. Ẹ ní kẹ́nì kan bá yín di ológbò yẹn mú nínú aṣọ, ẹ la ẹnu ẹ̀ wò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: tẹ́ ẹ bá rí egbò pupa lórí ahọ́n tàbí lókè ẹnu, tàbí lójú imú gan-an níbi tó máa ń tutù, ẹ sọ fún dókítà ẹranko tẹ́ ẹ bá débẹ̀, torí itọ́ tó ń dà lè má jẹ́ ti Crésyl nìkan. Oríṣi kan tún wà tó le gan-an, tó ń mú kí ojú àti ẹsẹ̀ wú, kí awọ máa bó, tó sì ń pa ológbò àgbà, Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1998. Kì í wọ́pọ̀. Ológbò yín ò wú, torí náà ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín àti ti àbúrò yín. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá ìyá jiyàn. Àwọn tó gbọ́njú bá Ilẹ̀gbóná mọ ohun tójú àwọn rí, wọn kì í dédé pe orúkọ ẹ̀ lásán títí dòní, ẹ̀rù tó bà wọ́n yẹn, ẹ̀rù tó tọ́ ni. Àmọ́ ẹ lè fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé ọdún 1977 ni ẹni ìkẹyìn tó kó o bó ṣe ń ràn kiri nílùú kó o, ní Sòmálíà, ọdún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Èèyàn nìkan ló sì ń bá jà, kò fìgbà kankan gbé inú ológbò. Tó bá jẹ́ pé mpox tí wọ́n ń sọ lórí rédíò ló wà lọ́kàn wọn, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tìtorí ẹ̀ kéde pàjáwìrì lọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìbátan Ilẹ̀gbóná nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ ẹran tí ojú wa kọ́kọ́ máa ń lọ síbẹ̀ tá a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni àwọn ẹran onírun inú igbó bí ọ̀kẹ́rẹ́ àti òkété. Lọ́dún 2003 ó dé Amẹ́ríkà, inú àwọn ẹran kéékèèké tí wọ́n kó láti Gánà lọ tà síbẹ̀ ló bá dé, òkété wà lára wọn. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń kun òkété tàbí ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ rà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ fọwọ́ yín dáadáa, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ fọwọ́ kan èyí tí wọ́n bá ní òkú ẹ̀ ni wọ́n rí. Ìyẹn kàn yín ju egbò imú ológbò yìí lọ.

Fọ́tò tí àbúrò yín fi ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ cowpox, àwọn onífaransé á ní variole de la vache. Òótọ́ ló sọ, ó wà, ó ń mú ológbò, ó sì ń ran èèyàn. Àmọ́ Yúróòpù àti apá ìwọ̀ oòrùn Éṣíà ló ń gbé, inú àwọn eku pápá kéékèèké tó wà níbẹ̀ ló fi ṣelé, kì í ṣe eku ilé tiwa níbí. Bó ṣe ń ṣe sì yàtọ̀: eku á bu ológbò ọdẹ jẹ lórí tàbí lẹ́sẹ̀ iwájú, egbò kan á yọ síbẹ̀, tó bá wá tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, kókó á tú jáde káàkiri ara, á di egbò, á sé èépá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á san fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, àfi èyí tí wọ́n bá fún ní kọ́tísóònù, ìyẹn ló sábà máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń pa wọ́n. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ pọmáàdì yẹn tún yọjú. Cowpox yìí náà ni Edward Jenner mú lára obìnrin tó ń fún wàrà màlúù, tó fi gún ọmọ kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dún 1796, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà tí wọ́n fi lé Ilẹ̀gbóná kúrò láyé ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fún ìyá náà, inú wọn á dùn sí i. Àrùn tó wà nínú fọ́tò yẹn kọ́ ló ń ṣe ológbò yín.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí Táíwò. Mo ní hẹ́píìsì ológbò ò lè ran èèyàn, àmì róbótó sì ti yọ sí ọmọ lápá, nǹkan méjì náà lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì róbótó lápá ọmọ tó ń gbé ọmọ ológbò káàkiri, làpálàpá ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn. Làpálàpá kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, olú ni, ó ń jẹ irun àti awọ, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù lára ológbò máa ń ran èèyàn wẹ́rẹ́. Ọmọ ológbò lè gbé e sára kí irun ẹ̀ má sì jábọ́ rárá. Ó ṣeé ṣe kí ìyá ológbò ní hẹ́píìsì lójú kó sì tún ní làpálàpá lára, ó sì tún ṣeé ṣe kí Táíwò kó tiẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé irun fún un. Ẹ wò ó bóyá irun ti jábọ́ láwọn ibì kan lára àwọn ológbò náà, pàápàá létí, lórí àti lẹ́sẹ̀, bóyá awọ ibẹ̀ ń ṣí bí eérú.

Ẹ gbé Táíwò lọ sí sántà, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wò ó, èmi ò lè wo èèyàn látinú ìwé. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má fi pọmáàdì ọjọ́ yẹn pa á lápá. Ohun tó ṣe lójú ológbò náà ló máa ṣe lára ọmọ, àmì yẹn á kọ́kọ́ ṣá, eteetí ẹ̀ á pòórá, á wá tàn dé èjìká, kò sì ní jọ làpálàpá mọ́ débi tí ẹni tó fẹ́ wò ó á fi dá a mọ̀. Kẹ́hìndé náà, ẹ bọ́ aṣọ ẹ̀ wo gbogbo ara ẹ̀.

Èkúrú náà tún wà, kòkòrò bíńtín tó ń gbẹ́ ihò sínú awọ. Ti ológbò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti eteetí, èépá nínípọn, á wá sọ̀ kalẹ̀ sójú àti ọrùn, yíyún ẹ̀ sì pọ̀ débi pé ológbò á fèékánná ya ara ẹ̀. Ó lè yún ẹ̀yin náà fúngbà díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gbé e. Ológbò yín, ẹ ò sọ pé ó ń yún un, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbé e síwájú, àmọ́ dókítà á ha awọ ẹ̀ díẹ̀ wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹ̀fọn pàápàá lè dá egbò sórí imú ológbò tí ara ẹ̀ kọ ìjẹ ẹ̀fọn, ibi tí irun ti fẹ́lẹ́ ló máa ń jẹ, orí imú àti etí. Ìyẹn ni kọ́tísóònù máa ń wúlò fún, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bú kọ́tísóònù pé kò dáa rárá. Oògùn tó dáa ni lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ ohun tó wà nídìí egbò. Àrùn méjì tó jọra lójú, oògùn tó ń wo ọ̀kan ló ń ba èkejì jẹ́, báwo lẹni tó jókòó sídìí tábìlì lọ́jà ṣe fẹ́ mọ èwo ni?

Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà tí kì í dá egbò sí awọ fúnra wọn, wọ́n kàn ń ba agbára ara jẹ́ tí egbò kékeré ò fi ní san. Méjì ni. Ọ̀kan ni lukẹ́míà ológbò, William Jarrett ló rí i ní Glasgow lọ́dún 1964, itọ́ ló ń gbà ràn, abọ́ oúnjẹ kan náà, lílá ara ẹni. Èkejì ni èyí táwọn èèyàn ń pè ní sídà ológbò, ọdún 1986 ni wọ́n rí i ní Kalifọ́níà, ìjà ló ń gbà ràn, kí wọ́n bu ara wọn jẹ jinlẹ̀, akọ tó ń rìn kiri lóru ló sì máa ń ní in jù. Orúkọ yẹn máa ń dẹ́rù ba èèyàn, àmọ́ ológbò ò lè kó o ràn yín. Tí egbò ológbò bá ń lọ tó ń bọ̀ fún oṣù tó pọ̀, tó ń rù, tí èrìgì ẹ̀ pọ́n, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún méjèèjì. Pàpílómà náà wà, òun máa ń yọ bí àbàwọ́n dúdú pẹlẹbẹ lójú tàbí lọ́rùn ológbò tó ti dàgbà, òmíràn nínú ẹ̀ lè di jẹjẹrẹ. Ìyẹn kì í yọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìtọ́jú wá ńkọ́. Ẹ se omi ìlàjì lítà, ẹ fi ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú tí iyọ̀ kún inú ẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ máa fi òwú tàbí aṣọ mímọ́ rẹ ẹ́ kẹ́ ẹ fi nu ipin ojú àti èépá imú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ má fi èékánná ṣí èépá tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó rọ̀. Òwú tẹ́ ẹ fi nu ojú kan, ẹ má fi nu èkejì. Tàwọn ọmọ ẹ̀ ló kánjú jù, torí ọmọ ológbò tí ojú ẹ̀ bá lẹ̀ pọ̀ tí ọyún wà lábẹ́ ẹ̀ lè fọ́jú láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ máa ṣí ojú wọn pẹ̀lú omi iyọ̀ yẹn láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ẹ má gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyá wọn o, wọ́n ti kó o ná, ọmú ẹ̀ ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́.

Oúnjẹ ṣe pàtàkì ju oògùn lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ológbò tí imú ẹ̀ dí kì í gbóòórùn, tí kò bá sì gbóòórùn oúnjẹ kò ní jẹ ẹ́. Ẹ bọ ẹja fún un láìfi àlùbọ́sà, ata àti màgí sí i, ẹ gbé e sílẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ta sánsán. Tó bá kọ oúnjẹ fún odindi ọjọ́ méjì, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lè bà jẹ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Dókítà lè fún un ní antibiotíìkì tí ọyún bá ti wọ egbò yẹn, torí bakitéríà máa ń gun orí fáírọ́ọ̀sì, àmọ́ antibiotíìkì ò pa fáírọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀. Oògùn tó ń bá hẹ́píìsì ológbò jà dáadáa ni famciclovir, ìwọ̀n ẹ̀ dọwọ́ dókítà tó bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ sì rán an létí pé ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹnìkan á sọ fún yín pé aciclovir tí èèyàn ń lò fún egbò ètè wà ní fámásì, pé kẹ́ ẹ fún un lóógùn oníhóró yẹn. Kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ran hẹ́píìsì ológbò, ó sì ń ba ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́, valaciclovir tó jẹ́ ìbátan ẹ̀ sì ń pa wọ́n. Ojú òsì yẹn, dókítà á kán oògùn aláwọ̀ kan sí i láti mọ̀ bóyá egbò wà lórí ẹyinjú, oògùn ojú tó ní kọ́tísóònù nínú ò gbọ́dọ̀ kàn án. Àwọn àgbà ní bójú bá ń ṣepin, ojú náà la fi ń hàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n wò, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ojú yẹn ṣeré.

Hẹ́píìsì ò lágbára tó bá ti bọ́ sílẹ̀, kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, ọṣẹ lásán ń pa á. Kálísí ló le, ó lè wà lórí abọ́ àti ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fi omi jáfẹ́ẹ̀lì, èyí táwọn ará Ìmẹ̀kọ ń pè ní bílíìṣì, fọ abọ́ àti ilẹ̀ ibi tó ń sùn, ife 1 sí ife omi 32, kẹ́ ẹ fi omi lásán ṣàn án, kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá wọn padà síbẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ Crésyl tàbí nǹkan mìíràn. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ológbò, ẹ fọṣẹ fọwọ́, ẹ má jẹ́ káwọn ìbejì bá wọn sùn títí a ó fi mọ̀ bóyá làpálàpá wà lára wọn. Tó bá sì bu ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó ya á lára níbi tẹ́ ẹ ti ń tọ́jú ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ lọ sí sántà lọ́jọ́ náà, torí dìgbòlugi wà láàárín wa, òun ni fáírọ́ọ̀sì ológbò tó ń pa èèyàn.

Táwọn ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ara wọn sì ti le, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ coryza àti ti typhus (àrùn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ológbò) fún wọn, kí wọ́n tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin títí wọ́n á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ti dìgbòlugi náà bí ọjọ́ orí wọn bá tó. Abẹ́rẹ́ coryza ò ní kí wọ́n má kó o rárá, ó kàn ń jẹ́ kó fúyẹ́ lára wọn tí wọ́n bá kó o. Ìyá wọn, tó bá já ọmọ lẹ́nu ọmú tán, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n sọ ọ́ di èyí tí kò ní bímọ mọ́, ẹ̀ẹ̀kan tó bá tún bí ló tún lè jí.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ, inú agbọ̀n tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ fi aṣọ bò ó kí ariwo sémìjàn, ọ̀kadà, má bàa dẹ́rù bà á, òwúrọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ ẹ̀ mọ́ ọn. Tí ẹni tó ń wo ẹranko ní àdúgbò yín bá jẹ́ pé màlúù àti àgùntàn ló mọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn níbẹ̀ ní Kétu, wọ́n á júwe ẹni tó mọ ológbò fún yín, tàbí kẹ́ ẹ máa bọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ẹ mú túùbù pọmáàdì yẹn àti ìgò Crésyl yẹn dání, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà, ó kàn yẹ kí dókítà mọ̀ ọ́n kó tó yan oògùn.